Òtútù Ilé Wa Kò Tíì Tó

Lọ́dún tí iná kú ní Tìbílísì,
iṣẹ́ ìyá mi ni iná tí kì í kú.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà ti rẹ́rìn-ín tó.

Lamara Kvirikashvili, ọmọ aránbàtà ará Telavi,
kò ní ẹ̀rọ, kò ní yàrá ìwádìí.
Pẹ́ńsùlù ló ní, àti ẹ̀yìn ìwé ìdìbò àtijọ́,
torí bébà ti wọ́n ju wàrà lọ.
Ó wọ kóòtù méjì, ó ki ẹsẹ̀ bọ àpò ìrọ̀rí,
ó gbé fìtílà sí ọwọ́ òsì,
ó ń ṣírò bí iná ṣe lè gba inú irin kọjá
láìsan owó bodè fún ẹnikẹ́ni,
kó máa yípo, kó máa yípo, ọgọ́rùn-ún ọdún,
kó má dín.

Ó ní òtútù ló ń mú un ṣeé ṣe.
Nínú ooru, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa sáré kiri
bí èrò tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ lójú ọ̀nà,
wọn a máa kọlu ohun gbogbo.
Ṣùgbọ́n bí òtútù bá wọ irin dé eegun,
wọn a wá ara wọn rí, méjì méjì,
wọn a sì rìn bí ẹni pé ẹsẹ̀ kan ni gbogbo wọn ní.
Mo wo yìnyín tó dì mọ́ fèrèsé wa,
nínú ilé ni o, kì í ṣe níta.
Mo ní, "Ìyá, ṣé òtútù ilé wa kò tíì tó ni?"
Ó ní kò tíì tó. Ó ní ó kù púpọ̀.

Bàbá mi ti lọ sí Trabzon lọ ta aago ọwọ́.
Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá fún wa.

Ìbéèrè ìyá mi kò ju gbólóhùn kan lọ,
ọdún mọ́kànlá ló fi ń bi í:
ìdọ̀tí mélòó ni àwọn méjì lè gbà mọ́ra
kí wọ́n tó tú ká?
Torí kò sí irin tó mọ́ tán.
Ó ní ìdọ̀tí kan wà, kí o máa dà á sí i, wọn kò ní mira;
òmíràn wà tó ní òòfà nínú,
díẹ̀ rẹ̀ ti tó.
N kò béèrè èwo ni Trabzon.

Lójú ìwé kọkànlélógójì, àmì ìyọkúrò kan sọnù,
bíńtín, bí irun ìpéǹpéjú.
Ọdún méjì ni ìṣirò fi ń tọ ọ̀nà tí kò já síbì kan.
Orí ìlà búrẹ́dì ló ti rí i, aago márùn-ún ìdájọ́,
ọgọ́rin èèyàn ló wà níwájú wa.
Ó pariwo. Àwọn ìyá arúgbó rò pé búrẹ́dì ti tán,
wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn.
Ó fi ìlà sílẹ̀, ó sáré lórí yìnyín lọ sílé.
Èmi ni mo dúró. Èmi ni mo gba búrẹ́dì.

Otia awakọ̀ ló bá wa mú àpilẹ̀kọ náà kọjá ààlà;
oṣù mẹ́rin ló lò lọ́nà.
Kó tó dé, àwọn méjì ní ìlú kan tí iná kì í ṣẹ́jú
ti tẹ irú rẹ̀ jáde.
Nígbà tó yá, wọ́n dárúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́,
wọ́n sì ṣì í kọ.
Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.
Ó ní, "Ṣé o rí i? Ibi tí àmì ìyọkúrò tèmi wà náà ni tiwọn wà."

Oníṣẹ́ iná ni mí báyìí. Wáyà tí mo ń fà ní Saburtalo
ń gbóná lọ́wọ́ mi, owó bodè ń lọ ní gbogbo òpó.
Òru kan ni mo máa ń rántí níbẹ̀.
Iná dé lójijì, aago mẹ́ta,
rédíò ké, fíríìjì gbọ̀n, àwọn ará ilé òkè ń pàtẹ́wọ́.
Ìyá mi gbé orí sókè láàárín kóòtù méjì,
ó wo gílóòbù bí ẹni wo àlejò tó já lu ọ̀rọ̀,
ó dìde, ó pa á,
ó padà sídìí fìtílà.